Òtẹ́ẹ̀lì ẹ̀yìn ìlú tó fẹ̀ tó tutù, àbí èyí tó há láàárín ìgboro? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì:

Ẹ kúulé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì mọ̀ pé ẹni tó ti sùn káàkiri pọ̀ níbí. Ọkọ mi ní tréníǹgì kan nílùú ńlá, Wẹ́sìdé sí Fúráìdé, la bá ní ká kúkú jọ lọ, èmi àtàwọn ìbejì àti ìyá ọkọ mi, ká wá fi wíkẹ́ẹ̀ńdì gbafẹ́ kó tó di pé à ń padà bọ̀ wálé. Mo ti wá òtẹ́ẹ̀lì títí ojú fi ń ro mí. Owó tá a ní lọ́wọ́, tó bá jẹ́ àárín ìgboro, yàrá tí wọ́n ń fi hàn mí ò gbà ju bẹ́ẹ̀dì àti àpótí méjì lọ, fèrèsé ẹ̀ wá kọjú sí ògiri. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti jáde sẹ́yìn ìlú díẹ̀ báyìí, owó yẹn náà á gba yàrá ńlá méjì, ọgbà wà, púùlù wà fáwọn ọmọ, wọn ò gbowó ibi ìgbọ́kọ̀sí, oúnjẹ àárọ̀ ti wà nínú owó náà. Fọ́tò ẹ̀ wù mí débi pé ó ku díẹ̀ kí n tẹ bọ́tìnnì.

Àbúrò ọkọ mi ló ní kí n dúró ná. Ó ní ojú ọ̀nà la máa lo họ́lídéè wa tán sí. Òtẹ́ẹ̀lì ọ̀hún sì kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé ogún ìṣẹ́jú péré ni sí àárín ìlú, ṣé èèyàn lè gba ìyẹn gbọ́? Kí ni mo máa wò kí n tó sanwó? Orúnkún ń yọ màmá lẹ́nu, wọn ò lè rìn jìnnà, wọn kì í sì í lè sùn tí ariwo bá wà. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i.

Alárìnká:

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìmúra ìrìn àjò. Èmi fẹ́ràn àwọn òtẹ́ẹ̀lì ẹ̀yìn ìlú gan-an, n ò sì ní sọ pé kẹ́ ẹ má lọ, torí pé téèyàn bá kó ọmọ dání, yàrá tó fẹ̀ ju ọ̀pọ̀ nǹkan lọ. Àmọ́ ogún ìṣẹ́jú yẹn, ẹ fọwọ́ mú un ná. Ogún ìṣẹ́jú nínú kí ni, aago mélòó? Ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ síbẹ̀ ni ìṣẹ́jú tó máa gba mọ́tò nígbà tí ọ̀nà bá dá, bóyá ní aago mẹ́ta òru. Ọkọ yín ò ní lọ sí tréníǹgì láago mẹ́ta òru.

Ohun tí mo máa ń ṣe rèé. Mo máa ń ṣí Google Maps, mi ò ní kọ àárín ìlú síbẹ̀, àdírẹ́sì ibi tí mò ń lọ gan-an ni màá kọ, màá wá yan ọjọ́ àti aago tí mo fẹ́ débẹ̀. Ẹ yan Wẹ́sìdé, kẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ dé láago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀, kẹ́ ẹ wá wo ohun tó máa sọ. Lẹ́yìn náà ẹ yí i padà, ẹ ní ẹ̀ ń kúrò nígboro láago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà márosẹ̀ lè sọ ogún ìṣẹ́jú di wákàtí kan ó lé. Tó bá jẹ́ rélùwéè tàbí bọ́ọ̀sì lẹ fẹ́ wọ̀, ibì kan wà nínú app yẹn tó máa fi ọkọ̀ tó kẹ́yìn lálẹ́ hàn yín. Ẹ má wo tàárín ọ̀sẹ̀ nìkan, ẹ wo ti Sátidé àti ti Sọ́ńdè náà, torí lọ́pọ̀ ìlú ọkọ̀ máa ń dínkù lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ẹ̀ẹ̀kan láàárín wákàtí kan sì lè jẹ́ gbogbo ohun tí ẹ máa rí. Ẹni tí ọkọ̀ tó kẹ́yìn bá já sílẹ̀ nígboro, owó takisí tó máa san á gbé gbogbo èrè owó yàrá yẹn mì.

Èyí tó kàn yìí lèmi kì í fojú fò. Àwòrán títì wà nínú Google Maps, èyí tí èèyàn lè máa fìka tẹ̀ lé bí ẹni ń rìn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìdíkọ̀ tàbí stéṣọ̀n, kẹ́ ẹ máa bọ̀ títí dé ẹnu géètì òtẹ́ẹ̀lì. Ẹ wò ó bóyá ibi ìrìn ẹsẹ̀ wà lẹ́bàá títì, ẹ wò ó bóyá iná wà níbẹ̀, ẹ wò ó bóyá ibi téèyàn lè gbà sọdá wà. Mo ti rí èyí tó jẹ́ pé lórí máápù, stéṣọ̀n àti òtẹ́ẹ̀lì fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu konu, àmọ́ ọ̀nà márosẹ̀ ló la àárín wọn, irin wà láàárín ọ̀nà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, afárá tí èèyàn máa gùn sì jìnnà débi pé ẹni tí orúnkún ń dùn ò ní lè rìn ín. Bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó purọ́, stéṣọ̀n náà wà nítòsí lóòótọ́.

Ọlọ́kọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ rò tí wọ́n fi ń kọ́ irú àwọn òtẹ́ẹ̀lì yìí, ìdí nìyẹn. Kemmons Wilson tó dá àwọn òtẹ́ẹ̀lì Holiday Inn sílẹ̀, ìrìn àjò tó fi mọ́tò rìn pẹ̀lú ìyàwó àtàwọn ọmọ ẹ̀ ni inú ti bí i, torí pé níbi tí wọ́n ń sùn ń ṣe ni wọ́n ń gbowó kún owó lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan, ló bá ṣí tiẹ̀ lẹ́bàá títì ńlá ní Memphis, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, lọ́dún 1952, ó sì ní ọmọ tó bá bá òbí ẹ̀ sùn ní yàrá kan náà ò ní sanwó. Ẹ rí i, ẹni tó ní mọ́tò tó sì kó ọmọ dání ni wọ́n ṣe é fún látilẹ̀ wá. Tí ẹ bá ní mọ́tò lọ́wọ́, ara á tù yín. Tí ẹ ò bá ní, ibi tó sún mọ́ rélùwéè ni kẹ́ ẹ wá, kódà tí púùlù ò bá sí níbẹ̀.

Ará Ìgboro:

Ẹ má bínú sí mi o, àmọ́ èmi wà lẹ́yìn àbúrò ọkọ yín. Kì í ṣe tìtorí owó ọkọ̀ nìkan, màmá ni mò ń rò. Àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn, ohun tó máa ń ràn án lọ́wọ́ jù ni kó lè jáde láàárọ̀ fún wákàtí méjì, kó padà sínú yàrá lọ́sàn-án kó gbẹ́sẹ̀ sókè, kó wá tún jáde nírọ̀lẹ́. Tí ẹ bá wà láàárín ìgboro ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀ láìní wàhálà kankan. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn ìlú, tí ẹ bá ti jáde ẹ ti jáde nìyẹn, kò sẹ́ni tó máa wọkọ̀ wákàtí kan torí kó lè sinmi díẹ̀ kó tún padà wá, torí náà màmá á wà níta látàárọ̀ dalẹ́, àbí kí wọ́n dá wà ní òtẹ́ẹ̀lì kẹ́yin máa gbafẹ́ lọ. Àwọn ọmọ náà ńkọ́? Ìbejì tó ti rẹ̀, tí wọ́n ń sunkún nínú rélùwéè tó kún fọ́fọ́, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí.

Yàrá kékeré ò burú tó bẹ́ẹ̀. Oorun la fẹ́ sùn nínú ẹ̀.

Onírìsẹ́pṣọ̀n:

Mo ti ṣiṣẹ́ ní rìsẹ́pṣọ̀n òtẹ́ẹ̀lì ẹ̀yìn ìlú rí, iṣẹ́ alẹ́ ni mo sì ń ṣe jù, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ ò lè rí nínú fọ́tò fún yín.

Àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ owó. Àwọn oníṣẹ́ ló ń kún òtẹ́ẹ̀lì ẹ̀yìn ìlú láàárín ọ̀sẹ̀, àwọn tó wá ṣe mítìn nílé iṣẹ́ tó wà nítòsí, àwọn tó ń ta ọjà láti ìlú dé ìlú. Wọ́n á dé ní Mọ́ńdè, wọ́n á lọ ní Tọ́sìdé tàbí Fúráìdé. Courtyard, irú òtẹ́ẹ̀lì kan tí ilé iṣẹ́ Marriott bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1983, irú àwọn oníbàárà yìí gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ bi léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n tó kọ́ ọ. Nítorí náà alẹ́ Túsìdé àti Wẹ́sìdé ló sábà máa ń wọ́n jù, tó bá wá di Fúráìdé owó á já wálẹ̀ torí pé yàrá ti ṣófo. Àárín ìgboro tí àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ń lọ lè jẹ́ òdìkejì ìyẹn, kó wá wọ́n ní wíkẹ́ẹ̀ńdì. Ìyá Ìbejì, owó tí wọ́n pín dọ́gba-dọ́gba tí app ń fi hàn yín yẹn, ẹ má tẹ̀ lé e, ẹ wo owó alẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, níbi méjèèjì. Ó lè jẹ́ pé àárín ìgboro ló máa dín lówó láàárín ọ̀sẹ̀ fún ọkọ yín, kẹ́ ẹ wá kó lọ sẹ́yìn ìlú ní Fúráìdé. Àpótí kíkó lẹ́ẹ̀kan ò pa èèyàn.

Àmọ́ wíkẹ́ẹ̀ńdì tó pọ́ọ́kú yẹn ní tiẹ̀ o. Torí pé yàrá wà, ìgbà yẹn làwọn tó ń ṣègbéyàwó máa ń gba yàrá ogún lẹ́ẹ̀kan, ìgbà yẹn náà làwọn ọmọdé eléré bọ́ọ̀lù máa ń wá pẹ̀lú àwọn òbí wọn. Ariwo kọ́rídọ̀ ní Sátidé, mo gbọ́ ọ yó. Ẹ pe òtẹ́ẹ̀lì náà fúnra ẹ̀, kì í ṣe nọ́ńbà app tí ẹ fi wá a, ẹ béèrè tààrà bóyá ẹgbẹ́ kankan ti gba yàrá púpọ̀ lọ́jọ́ tí ẹ̀ ń bọ̀. Ẹni tó wà ní rìsẹ́pṣọ̀n mọ̀, á sì sọ fún yín, tó bá sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ní kó fi yín sí òkè pátápátá kí ẹnikẹ́ni má rìn lórí yín, kó jìnnà sí lífítì àti ẹ̀rọ yìnyín. Màmá ò lè rìn jìnnà, torí náà ẹ sọ ọ́ báyìí pé: “ẹ fún wa ní yàrá kẹta tàbí ìkẹrin sí lífítì.” Ìyẹn ò jìnnà jù, lífítì ò sì ní máa kùn sí wọn létí.

Yàrá méjì tí ẹ sọ yẹn, ṣé ilẹ̀kùn wà láàárín wọn? Ẹ má rò pé tí wọ́n bá ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ilẹ̀kùn ti wà nìyẹn. Lọ́pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì, ẹ̀bẹ̀ lásán ni ohun tí ẹ kọ sínú app, kì í ṣe àdéhùn, ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ ló máa wò ó bó ṣe rí lọ́jọ́ náà. Ilé iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì Hilton ló bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí èèyàn gba yàrá onílẹ̀kùn àárín pọ̀ kó sì dájú látìgbà tó ń búùkù, lọ́dún 2021. Níbòmíì ẹ pè, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ ránṣẹ́ sí yín lórí ímeèlì. Tí ẹ ò bá sì nílò ilẹ̀kùn àárín, ẹ kọ̀ ọ́ pátápátá. Ilẹ̀kùn yẹn fẹ́lẹ́, ìmọ́lẹ̀ yàrá kejì á máa yọ lábẹ́ ẹ̀, ẹ ó máa gbọ́ gbogbo ohun tí àlejò ẹ̀gbẹ́ yín ń sọ lórí fóònù bí ẹni pé orí bẹ́ẹ̀dì yín ló jókòó sí.

Ti màmá, ohun tó ṣe pàtàkì jù ni ilé ìwẹ̀. Nínú fọ́tò ẹ ó rí ṣáwà, àmọ́ ẹ wo ìsàlẹ̀ ẹ̀ dáadáa, ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé inú agbada ìwẹ̀ gígùn ni ṣáwà náà wà, èèyàn gbọ́dọ̀ gbé ẹsẹ̀ ga sókè kó tó lè wọ inú ẹ̀, tí ilẹ̀ ẹ̀ sì ń yọ̀. Ẹ béèrè yàrá tí èèyàn á kàn rìn wọ ṣáwà, tí irin tí wọ́n lè dì mú wà lára ògiri. Irú yàrá bẹ́ẹ̀ kì í pọ̀, ẹni tó bá tètè pè ló máa rí i.

Olóorun Fẹ́lẹ́:

Ẹ kú àlàyé. Èmi náà kì í sùn tí ariwo bá wà, torí náà ohun tí mo mọ̀ rèé. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, kọ ọ́ lọ́dún 1999 pé ariwo tí kò dákẹ́ nínú yàrá téèyàn ń sùn kò yẹ kó ju 30 decibel (òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ariwo) lọ, pé èyí tó bá dún lójijì kò yẹ kó kọjá 45. Ọ̀nà márosẹ̀ tó bá wà lẹ́yìn fèrèsé lè ju ìyẹn lọ fíìfíì tí gíláàsì rẹ̀ bá jẹ́ ẹyọ kan. Ọkọ̀ akẹ́rù kì í sùn lóru, ẹ rántí. Nígbà míì òtẹ́ẹ̀lì ẹ̀bá pápákọ̀ òfuurufú máa ń dákẹ́ jù ú lọ, torí wọ́n ti mọ̀ pé ọkọ̀ òfuurufú ń bẹ, wọ́n á ti fi gíláàsì méjì-méjì sí fèrèsé. Ẹ wo máápù látòkè, èyí tó ń fi òrùlé ilé hàn, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ wo ni títì wà, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n fún yín ní yàrá tó kọjú sí ọgbà.

Ẹ tún ka ohun táwọn tó ti sùn níbẹ̀ kọ, àmọ́ ẹ má ka máàkì tí wọ́n fún un, ẹ lo ibi ìṣàwárí ẹ̀, ẹ tẹ “noise” (ariwo), ẹ tẹ “thin walls” (ògiri fẹ́lẹ́), ẹ tẹ “bus” (bọ́ọ̀sì). Ohun tí èèyàn mẹ́ta tí wọn ò mọ ara wọn bá sọ ní oṣù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó wà níbẹ̀.

Tí ẹ bá débẹ̀, kẹ́ ẹ tó gbé àpótí lé orí bẹ́ẹ̀dì tàbí kápẹ́ẹ̀tì, ẹ kó o sínú ilé ìwẹ̀ ná. Ẹ wá tan tọ́ọ̀ṣì fóònù yín, kẹ́ ẹ ká bẹ́ẹ̀dìṣíìtì sókè níbi orí bẹ́ẹ̀dì, kẹ́ ẹ wo ojú rírán fóòmù yẹn yípo. Ìdun ni mò ń sọ. Ẹ ó rí àmì dúdú tóótòòtó bí ìgbà tí bírò bá kán síbẹ̀, tàbí èépá ara rẹ̀ tó ti bọ́ sílẹ̀. Òtẹ́ẹ̀lì olówó ńlá náà máa ń ní in, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí. Tí ẹ bá rí i, ẹ béèrè yàrá mìíràn tí kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí, tí kò sì sí lókè tàbí nísàlẹ̀ ẹ̀.

Ìyá Ìbejì:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun o! Ẹ ò ní rìn ní ọjọ́ tébi ń pa ọ̀nà. Mo ti jókòó ti fóònù látàárọ̀.

Mo ṣe bí Alárìnká ṣe wí, mo kọ àdírẹ́sì ibi tréníǹgì síbẹ̀, Wẹ́sìdé aago mẹ́jọ ààbọ̀. Ogún ìṣẹ́jú di wákàtí kan ó lé díẹ̀! Ọkọ̀ tó kẹ́yìn ní Sọ́ńdè sì ni aago mẹ́jọ alẹ́. Mo pe òtẹ́ẹ̀lì náà, wọ́n ní àwọn ní ọkọ̀ kékeré tó ń gbé èèyàn lọ sí stéṣọ̀n, inú mi dùn, àfìgbà tí mo béèrè aago tó ń lọ ni wọ́n wá ní pápákọ̀ òfuurufú nìkan ló ń lọ ní wíkẹ́ẹ̀ńdì, pé èèyàn sì gbọ́dọ̀ kọ orúkọ sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.

Ará Ìgboro, ọ̀rọ̀ yín lórí màmá wọ̀ mí lára, mo sì bi wọ́n léèrè tààrà. Màmá ní àwọn ò ní gbafẹ́ nígboro ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, pé àwọn fẹ́ ibi tí àwọn ti lè jókòó síta láàárọ̀ kí àwọn ọmọ máa ṣeré níwájú àwọn. Torí náà ẹ̀yìn ìlú náà la máa lọ, àmọ́ mo ti rí òmíràn tó fara ti stéṣọ̀n, mo fi àwòrán títì yẹn rìn ín tán, ibi ìrìn ẹsẹ̀ wà dé ẹnu ọ̀nà, kò sí àtẹ̀gùn kankan láàárín. Kò ní púùlù, àwọn ìbejì máa bínú, ṣùgbọ́n ọgbà rẹ̀ tóbi. Wọ́n ní yàrá kan tí ṣáwà ẹ̀ ṣe é rìn wọ̀, ìjókòó sì wà nínú ẹ̀. Wọ́n ti fi sílẹ̀ fún màmá.

Ìbéèrè kan ló kù. Iye méjì ni wọ́n ń fi hàn mí. Ọ̀kan dínwó díẹ̀ àmọ́ kò sí ìdápadà tí mo bá ti san án, èkejì wọ́n díẹ̀, mo lè fagi lé e. Èwo ni kí n mú?

Onírìsẹ́pṣọ̀n:

Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Ìbejì. Ẹ mú èyí tẹ́ ẹ lè fagi lé. Tréníǹgì lè sún síwájú, ọmọ méjì àti àgbàlagbà kan sì wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìyàtọ̀ díẹ̀ yẹn ò tó ewu ẹ̀. Ẹ kàn kíyè sí ọjọ́ àti aago tí àǹfààní náà máa parí, aago ìlú tí òtẹ́ẹ̀lì wà ni wọ́n máa ń lò, kì í ṣe aago tiyín. Kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnnì, ẹ wo àpapọ̀ owó tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, torí pé níbòmíì owó orí àti owó tí wọ́n ń fi orúkọ oríṣiríṣi pè ò sí nínú iye tó kọ́kọ́ hàn. Amẹ́ríkà ti fòfin de ìyẹn, láti May 12, 2025 ni FTC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà níbẹ̀, ti ní kí òtẹ́ẹ̀lì máa fi gbogbo owó tó pọn dandan, yàtọ̀ sí owó orí ìjọba, kún iye tí wọ́n bá kọ́kọ́ fi hàn èèyàn, àmọ́ kì í ṣe gbogbo orílẹ̀-èdè ló nírú òfin bẹ́ẹ̀.

Tí ẹ bá dé rìsẹ́pṣọ̀n, wọ́n á gba káàdì yín, wọ́n á sì di owó díẹ̀ mú lórí ẹ̀ yàtọ̀ sí owó yàrá, nítorí ohun tó bá bàjẹ́ tàbí ohun tí ẹ bá jẹ. Wọ́n á tú u sílẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá lọ, àmọ́ ó lè pẹ́ ọjọ́ mélòó kan kí báńkì tó jẹ́ kẹ́ ẹ rí i. Tó bá jẹ́ káàdì tó ń fa owó inú àkáǹtì yín tààrà, owó tí ẹ fẹ́ fi wọkọ̀ ló máa há síbẹ̀ yẹn. Ẹ béèrè iye tí wọ́n máa dì mú nígbà tí ẹ bá ń pè wọ́n, kẹ́ ẹ má bàa kó sí i.

Ẹ tún pè wọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí ẹ máa dé, kẹ́ ẹ rán wọn létí yàrá màmá. Kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ búùkù ni wọ́n ń pín nọ́ńbà yàrá, àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ̀ ń bọ̀ tàbí alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni, ẹni tó bá yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù lónìí lè má sí lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ ní kó ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà síta fún yín: ṣáwà tó ṣe é rìn wọ̀, yàrá kẹta sí lífítì, ẹ̀gbẹ́ ọgbà. Tí ọ̀kan ò bá sí níbẹ̀, kó kọ ọ́ síbẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé fóònù sílẹ̀.